Sìgá Tí Wọ́n Rí Nínú Yàrá Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀, yàtọ̀ sí ẹnì kan, mi ò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Ó ti wá dé ibi tí mi ò lè gbé e mọ́. Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, àyà mi á já.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ẹnì kan wá bá mi níbi iṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ó fa ọmọ kékeré kan lọ́wọ́. Mo máa sọ ẹni tó jẹ́. Ẹ ní sùúrù fún mi. Mi ò ní kọ orúkọ ara mi, àwọn orúkọ tí ẹ máa rí níhìn-ín náà, mo ti yí wọn padà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí mi sí. Bàbá wa kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bùọ̀dá Oyè, ló tọ́ mi, àwọn ló sì rán mi nílé-ìwé. Wọ́n ń wa tírélà, wọ́n ń kó ẹrù láti Ìjọra lọ sí Kánò. Bí wọ́n bá ti lọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó tún rí wọn. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó là ń gbé. Bùọ̀dá ní yàrá kan àti pálọ̀, èmi àti Màmá wa wà ní yàrá tó dojú kọ tiwọn.

Ní ọdún tí owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Bùọ̀dá ti gbé ìyàwó. Rónkẹ́ ni màá pè é. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Aṣọ ló ń rán, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Pápá Àjàó. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ṣùgbọ́n Màmá ní ìyàwó ilé ni, n kò gbọdọ̀ pè é ní àǹtí. Òun náà kò sì pè mí lórúkọ rí, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Eyínfúnjowó ló ń pè mí. Ó máa ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀, èmi ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí Màmá ò bá sí nílé, ó máa ń fún mi ní ẹran tirẹ̀ nínú ọbẹ̀. Kò ṣẹ̀ mí rí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ibi tí mo ti kọ́ sìgá nìyí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì, Bísí. Lẹ́yìn pápá ilé-ìwé wa ní Súrùlérè, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ dé òkè fèrèsé tí wọ́n sì pa tì. Bí ilé-ìwé bá ti parí, ẹ̀gbọ́n Bísí ọkùnrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé níbẹ̀. Irun wọn rí kùmúkùmù lórí, ṣòkòtò wọn fẹ̀ nísàlẹ̀ dé ibi pé kì í jẹ́ kí a rí bàtà. Lójú mi nígbà náà, kò sí ẹni tó tó wọn lójú ayé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n na sìgá sí mi, mo fà á, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bísí ní, “Má gbé e mì bí ẹ̀kọ. Fà á díẹ̀díẹ̀.” Òòyì kọ́ mi, mo lọ bì lẹ́yìn ògiri. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ.

Mi ò lè sọ pé ẹnì kan fi ipá mú mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí sìgá bá ti wà láàárín ìka mi, n kì í ṣe ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tọ́ mọ́. Mo máa ń rò pé mo ti di ẹni ńlá.

Àwọn ọmọkùnrin yẹn ń mu tiwọn lójú títì. Bí àgbà kan bá bá wọn wí, èkejì á ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n á jáwọ́ bó bá yá. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá mu sìgá, aṣẹ́wó ni wọ́n ń pè é. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń sá pamọ́. Ìdí nìyẹn náà tí ẹnikẹ́ni kò fi fura sí wa.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, orógbó ni mo sì máa ń jẹ kí ohùn mi lè là. Orógbó yẹn náà ni mo fi ń bo òórùn ẹnu mi. Bí mo bá ti mu sìgá tán, màá rún ẹyọ kan tàbí méjì kí n tó wọlé. Màmá á ní, “Ọmọ yìí fẹ́ràn orin o.”

Nígbà tí a gba ọlidé, Bísí lọ sí Ìjẹ̀bú lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Mi ò lè dá lọ sí ilé tí wọ́n pa tì yẹn. Ara mi kò gbà á mọ́ kí ilẹ̀ ṣú láìfẹnu kan sìgá. Rónkẹ́ máa ń fi kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn sílẹ̀ fún mi bó bá ń lọ ṣọ́ọ̀bù, kí n lè gbálẹ̀, kí n sì lè gbọ́ àwo orin nínú rédíógíráàmù Bùọ̀dá. Ibẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Màá dúró lẹ́bàá fèrèsé, màá gbé orin sókè. Ọ̀sán ni, Màmá á wà lẹ́yìnkùlé. Àmukù rẹ̀, inú agolo mílíìkì kan ni mo ń jù ú sí, lẹ́yìn rédíógíráàmù. Mo ní lọ́jọ́ kan màá dà á nù. Mi ò dà á nù.

Lọ́jọ́ kan, Rónkẹ́ tètè dé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá mi pẹ̀lú sìgá lọ́wọ́. Mo rò pé yóò figbe ta. Kò ta. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tú ìró àdìlékè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ èéfín síta lójú fèrèsé. Ó gba páálí sìgá náà lọ́wọ́ mi, ó lọ jù ú sí ṣáláńgá. Nígbà tó padà dé, ó tún ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Eyínfúnjowó, bí ẹ̀gbọ́n yín bá rí èyí, wọ́n á lù yín pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mọ síbí. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ṣèlérí. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì pé tí mo tún fi ra òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ń dùn mí la fẹ́ dé yìí.

Bùọ̀dá Oyè dé láti Kánò lọ́jọ́ Sátidé kan. Àwo orin kan já bọ́ sẹ́yìn rédíógíráàmù, wọ́n fà á kúrò lára ògiri láti mú un. Wọ́n rí agolo náà. Ó kún fún àmukù sìgá, ìṣáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bùọ̀dá kì í mu sìgá. Wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò-bọ́ì wọn mu ún nínú ọkọ̀ pàápàá.

Wọ́n gbé agolo náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, “Rónkẹ́, ọkùnrin wo ló ń wọ yàrá mi?”

Mo wà níbẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Rónkẹ́ wo agolo, ó wò mí. Ó ní, “Kò sí ọkùnrin kankan.” Mo mọ̀ pé ó ń dúró kí èmi sọ̀rọ̀ ni. Mo ń gbálẹ̀ lọ.

Gbogbo ọjọ́ yẹn ló fi dúró dè mí. Ó wá bá mi nídìí ààrò, ó ní, “Ẹ bá wọn sọ ọ́ ná. Màá bá yín bẹ̀ wọ́n.” Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ẹbí wa méjì wá láti Múṣin. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, agolo náà wà lórí tábìlì bí ẹni pé àlejò ni. Wọ́n pe Ìyá Ìdáyàtù tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́. Kò sọ̀rọ̀ ibi, ohun tó mọ̀ ló sọ. Ó ní lóòótọ́, òun máa ń gbóòórùn sìgá láti yàrá yẹn lọ́sàn-án nígbà tí bàálé kò sí nílé. Ó ní lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìyàwó sì máa ń tètè wálé wá sùn.

Rónkẹ́ ní nítorí pé òun lóyún ni. Oyún oṣù méjì. Ó ní òun fẹ́ kí ọkọ òun dé kí òun tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó mú ayọ̀ wá, kò sẹ́ni tó yọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà wo Bùọ̀dá, ó ní, “Oyè, ìgbà wo lo wà nílé gbẹ̀yìn?”

Ìgbà náà ni Rónkẹ́ tó yíjú sí mi. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, kì í ṣe níwájú ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹni tó ni sìgá yìí.”

Mo ní, “Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí wọn, ó ní, “Òun ló ni ín. Mo bá a níbẹ̀ lójú ara mi. Mo bò ó láṣìírí ni.”

Ilé dà rú. Màmá dìde, wọ́n gbá a létí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi? Ọmọ tó ń kọrin nínú ilé Ọlọ́run? Ìwọ alágbèrè yìí, o kò rí ẹlòmíì tí o máa lẹ̀ ẹ́ mọ́?” Bùọ̀dá pè mí, wọ́n ní kí n ya ẹnu. Mo ya ẹnu. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní, “Orógbó ni.”

Wọ́n gbé Bíbélì wá. Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo búra. Ohùn mi kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù títí dòní nìyẹn.

Wọ́n lé Rónkẹ́ jáde. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gbé àpótí rẹ̀ dé ẹ̀bá títì. Ilé-ìwé ti wọlé padà, mo ti wọ aṣọ ilé-ìwé mi, mo sì ní láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo rò pé yóò ṣépè fún mi. Ó kàn ní, “Ẹ má mu ún mọ́ o.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, mo lọ bá Bísí ní ilé tí wọ́n pa tì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó na sìgá sí mi, ó ní, “Kò tiẹ̀ sí wàhálà. Ta ló máa gbà láyé yìí pé ọmọbìnrin ló mu ún?” Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mu ún.

Rónkẹ́ bí ọmọbìnrin sí ilé àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá kí wọ́n wá sọ ọmọ lórúkọ. Bùọ̀dá ní kí oníṣẹ́ náà lọ wá ẹni tó ni agolo. Ìyá ọmọ ló fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Olúwamọ̀ ló pè é.

Ọdún kejì, Bùọ̀dá fẹ́ ìyàwó míì. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó ti bí ọmọ méjì, kò sì mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi parí ilé-ìwé, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ tàìpù, mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Yábàá. Bùọ̀dá máa ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọbìnrin àdúgbò. Wọ́n á ní, “Ẹ wo àbúrò mi. Ẹnu rẹ̀ kò mọ irọ́.” Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì wa ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, níbi tí mo ti ń mu sìgá títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo ti jáwọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ rí. Ikọ́ ti wọ̀ mí lára, Bùọ̀dá sì rò pé òtútù ni, wọ́n ń ra oògùn fún mi.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ẹnì kan ń béèrè mi nísàlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rí Rónkẹ́. Ó ti gbẹ. Ìjọra ló ń gbé báyìí, ó ń rán àwọn àpò tó bá ya nílé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀. Ìka rẹ̀ ti le bí ìka ọkùnrin. Ó fa ọmọ náà lọ́wọ́. Ojú Bùọ̀dá Oyè ni ọmọ náà gbé wá sáyé, títí kan bí iwájú orí ṣe yọ. Afọ́jú nìkan ló máa béèrè bàbá rẹ̀.

Orúkọ mi gan-an ló pè mí. Kò pè mí ní Eyínfúnjowó mọ́.

Mo ní, “Àǹtí Rónkẹ́, ẹ káàbọ̀ mà.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa pè é ní àǹtí.

Ó ní, “Mi ò wá bá ọ jà. Mi ò sì fẹ́ padà sílé yẹn. Ọmọ yìí ń lọ sílé-ìwé lẹ́yìn ọlidé yìí. Wọ́n bi mí ní orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n sì ní kí bàbá náà wá. Orúkọ ni mo wá gbà fún un. Ìwọ nìkan lo lè gbà á fún mi.”

Mo sunkún. Mo ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ Sátidé, màá sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ bá Bùọ̀dá ní yàrá wọn. Bùọ̀dá ti jáde. Màmá ló wà nílé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo lórí ẹsẹ̀ wọn. Mo rò pé kí n ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, sìgá tí wọ́n rí lọ́jọ́sí, èmi ni mo mu ún.”

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, wọ́n jù ú nù. Wọ́n ní, “Ta ló ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ nígbà náà?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni, mà.”

Wọ́n ní, “Ṣé o rò pé mi ò nímú ni?”

Ẹ gbà mí o. Màmá mi mọ̀. Láti ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti mọ̀. Mo bi wọ́n pé, ẹ mọ̀, ẹ sì gbá a létí?

Wọ́n ní, “Ìwọ ni mo bí. Ìyàwó lè rí ọkọ míì fẹ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ìwọ lo ń mu sìgá, ta ni ì bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì? Mo ṣe ohun tí ìyá ń ṣe.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Jẹ́ kí n kú tán kí o tó sọ ọ́. Bí Oyè bá gbọ́ pé mo mọ̀, kò ní fẹ́ rí mi sójú mọ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mi.”

Ìyá mi tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló ń bẹ̀ mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà. Bùọ̀dá wọlé bá wa, wọ́n bi wá ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá ní ikọ́ mi ni àwọn ń ṣàníyàn lé lórí. Èmi náà dákẹ́. Mo tún dákẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo lè pa ìyá mi. Ìyàwó tó wà nílé báyìí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ilé tirẹ̀? Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ mi, tó fi ọdún mẹ́fà kọ ọmọ ara rẹ̀ nítorí ìbúra mi, ojú wo ni wọ́n máa fi wò mí? Bí mo bá sì dákẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á lọ máa jẹ́ ọmọ àlè nílé-ìwé, nítorí pé mi ò lè da agolo kan nù.

Rónkẹ́ tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní mi ò tíì sọ ọ́. Mi ò lè sọ ti Màmá fún un. Kò bú mi. Ó ní òun máa padà wá kí ilé-ìwé tó wọlé, ó yà lọ ra omi lódìkejì títì, ó fi ọmọ náà tì mí.

Ọmọ náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, màmá mi ní ẹ mọ bàbá mi.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ wọ́n.

Ó ní, “Ṣé àwọn náà mọ̀ mí?”

Mo ní kó jẹ́ kí n ra búrẹ́dì fún un. Ó ní ebi ò pa òun. Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ẹ dá mi lóhùn. Kí ni kí n sọ fún ọmọ yẹn nígbà tó bá padà wá?